Gíláàsì Mẹ́ta, Ìgò Kan Ṣoṣo

Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ pa ara mi? Ẹ jókòó ná, Àǹtí mi, ẹ jókòó, ẹ má dúró lé mi lórí bíi nọ́ọ̀sì. Ta ló sọ ọ́? Màmá onílé? Wọ́n pè yín lórí fóònù pé àbúrò yín ṣí gáàsì sílẹ̀, ó sùn tì í, ẹ tètè wá gbé e kí wọ́n má bàa gbé òkú jáde nínú ilé àwọn? Kí lẹ wá dá wọn lóhùn? Mo ní kí lẹ dá wọn lóhùn? Ẹ ò wí nǹkan kan. Ẹ kàn ní ẹ ń bọ̀, ẹ pa fóònù, ẹ wọ mọ́tò.

Omi tíì ni mo gbé kaná. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, mo gbé kẹ́tùlù kaná, mo jókòó sórí àga yìí kan náà, oorun gbé mi lọ. Omi hó, ó dà sórí iná, iná kú, gáàsì ń jáde. Ẹlòmíì ì bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀ kó tó kúrò nílé ìdáná. Èmi ò gbọ́. Télọ̀ tó ń gbé lókè ló gbọ́, obìnrin yẹn sáré sọ̀ kalẹ̀ tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó fi èjìká já ilẹ̀kùn, ó gbá mi létí kí n tó jí. Ẹni tó fẹ́ kú, ṣé ó máa ń bu ṣúgà sínú ife sílẹ̀ de omi gbígbóná ni? Ife náà nìyẹn lórí tábìlì. Ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀yin sì mọ̀ pé mi ò gbọ́ òórùn mọ́. Kó tó di pé gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ ayé yìí. Ohun tó ń dùn mí wọnú egungun nìyẹn. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti là á mọ́lẹ̀, létí onílé mi, kẹ́ ẹ ní, ẹ jọ̀ọ́, imú àbúrò mi ló kú, òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ kú, ibẹ̀ lẹ ti ya odi. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti ya odi, ibẹ̀ lẹ ti là á mọ́lẹ̀. Irú ẹnu wo wá nìyẹn?

Rárá, mi ò ní í rọra. Mo ti ń rọra látọjọ́ tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, mo rọra títí, ẹ ò yọjú sí mi. Ó di ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé mo fẹ́ kú kẹ́ ẹ tó mọ ọ̀nà ilé mi.

Ẹ rántí ibà yẹn. Mi ò jẹ́ pa oore mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ tọ́jú mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń fi aṣọ tútù nù mí níwájú orí, ẹ̀ ń fi ṣíbí bù mí lómi mu bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ara yá. Imú ò yá. Mo ní ọ̀fìnkìn ni, bó bá lọ, òórùn á padà. Ọ̀fìnkìn lọ. Mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣí ìgò, mo gbé gíláàsì símú, ó dà bí ẹni yọjú sínú kànga gbígbẹ. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Mo gbé òmíràn, nǹkan kan ò sí. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọṣẹ ìfọṣọ símú, mo gbé bàtà ara mi símú. Àǹtí mi, mo jókòó sórí páálí nínú yàrá ẹrù, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ò kà á sí iṣẹ́ rí. "Iṣẹ́ ọ̀mùtí" lẹ máa ń pè é, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn ọmọ yín. Èmi kì í mu. Atọ́ọwò ni mí. Mo máa ń fi imú gbọ́ ọ, màá fi ahọ́n tọ́ ọ wò, màá tu ú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ bá parí, àwọn oníbàárà á wá jókòó yí tábìlì gígùn ká nínú ṣọ́ọ̀bù wa, gíláàsì mẹ́ta á wà níwájú oníkálukú, wísíkì ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jẹ́ pé ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló pọn ọ́n, ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, wọn ò lú u mọ́ tẹlòmíì. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú wọn tí màá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n wéra. Màá ní ẹ gbé ti ọwọ́ òsì, láti erékùṣù ló ti wá, ilẹ̀ irà ni wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n fi èéfín ẹ̀ yan ọkà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń rùn bí ilé tó jó tí òjò wá pa iná ẹ̀. Ẹ gbé ti àárín, inú àgbá tí wáìnì dídùn ti gbé rí ni wọ́n dá a sí, ẹ gbọ́ èso gbígbẹ, ẹ gbọ́ oyin. Ẹ gbé ti ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ò ní wàhálà, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni, èèpo òroǹbó ni. Ẹni tó bá wọlé bí òpè, á jáde bí ẹni tí wọ́n la imú fún. Bàbá Imú ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò yẹn, onígbàjámọ̀ á fi abẹ sílẹ̀, á ní Bàbá Imú, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni imú ẹ̀ kú.

Ta ni mo sọ fún? Ẹ̀yin. Ẹ̀yin náà sì lẹ ká a mọ́ mi lọ́wọ́, tẹ́ ẹ wọlé lọ́jọ́ Àìkú, tí òróró ń jó nínú páànù, tí èéfín ti gba gbogbo ilé, tí mo jókòó tí mò ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ pa iná, ẹ wò mí lójú, ẹ bi mí. Mo sọ. Mo ní Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, iṣẹ́ mi ti tán, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Kí lẹ ṣe? Ẹ fi sàréè ìyá wa búra. Èmi ò ní kẹ́ ẹ búra o, ẹ̀yin lẹ fi í búra fúnra yín, ẹ ní ẹnì kan ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa fáwọn oníbàárà? Ẹ̀yin náà ti ń sọ tiwọn. Afọ́jú tó ń rìn nínú yàrá tó ti ń gbé láti kékeré, ṣé àga àti tábìlì ló ń parọ́ fún? Ó mọ ibi tí nǹkan wà. Èmi náà mọ ibi tí nǹkan wà. Mo ti fi imú mọ ìgò kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹ ṣe fi ohùn mọ àwọn ọmọ yín. Bí mo bá ti rí orúkọ lára ìgò, gbogbo òórùn ẹ̀ á tò wá sí mi lórí. Ìrántí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó rojọ́.

Àfi ọkọ yín.

Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó". "Wọ́n" ni mo máa ń wí tẹ́lẹ̀, Bùọ̀dá ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ọjọ́ tó ṣe mí bó ṣe ṣe mí ni "wọ́n" já bọ́ lẹ́nu mi, mo sì ti wá a títí, mi ò rí i.

Ta ló mú un wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn? Nígbà tí ibi tó ti ń ta táyà kógbá sílé, tó ń jókòó sójú fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ẹ wá bá mi pẹ̀lú omijé, ta ló lọ bá ọ̀gá mi? Wọ́n kọ̀, mo tún lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ táyà àti ọ̀rọ̀ wísíkì ò pàdé níbì kankan, mo ní ẹ fà á lé mi lọ́wọ́, n ó kọ́ ọ. Mo sì kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ ki imú bọ gíláàsì bí ewúrẹ́ tó rí omi ìṣanwọ́, kó la ẹnu díẹ̀, kó jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kán omi sí i kó lè tú ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní imú. Mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ni kò ní. Èyí "ó dáa", ìyẹn "ó le", tọ̀hún "ó dùn". Mo ní Bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ á wá, ẹ ní sùúrù. Mo ń fún un ní sùúrù, òun ń wo àga tí mo jókòó sí.

Ọjọ́ yẹn, ọ̀gá mi ní àlejò. Àwọn èèyàn ńlá, àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tí ẹ̀rín wọn wúwo. Dókítà eyín tí kì í pa ọjọ́ Jímọ̀ jẹ náà wà níbẹ̀. A ti ṣe tán, mo ti sọ tèmi, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, mo ń fi aṣọ nu tábìlì. Ni ọkọ yín bá jáde láti ẹ̀yìn, ó gbé gíláàsì mẹ́ta lórí àwo, ó fi àwo pẹrẹsẹ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Ó ní, "Bàbá Imú, ẹ bá wa fi mẹ́ta yìí wéra. Ẹ má wo ìgò, imú yín nìkan la fẹ́."

Ara mi ti sọ fún mi. Mo wo ojú ọ̀gá mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Àwọn àlejò ní rárá, Bàbá Imú, ẹ ṣe é fún wa. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní imú mi ti kú, níbẹ̀, níwájú wọn?

Mo ṣí ti àkọ́kọ́. Mo gbé e símú, mo pa ojú dé bí mo ṣe máa ń ṣe. Òkùnkùn. Mo tọ́ ọ wò. Mo mú èkejì, mo tọ́ ọ wò. Mo mú ẹ̀kẹta. Ẹ gbọ́ nǹkan tí mi ò tíì sọ fẹ́nì kan rí: ahọ́n mi sọ fún mi. Ahọ́n mi ní ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní dákẹ́, ìwọ ahọ́n, kí lo mọ̀, láìsí imú, kí lo mọ̀? Ta ló máa ń bu ọtí kan náà lẹ́ẹ̀mẹta fún èèyàn pé kó fi wéra? Mo bá ahọ́n mi jà, mo ṣẹ́gun ẹ̀, mo la ẹnu.

Mo sọ̀rọ̀, Àǹtí mi. Ọlọ́run ló mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, n ò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní àkọ́kọ́, erékùṣù ni, èéfín ló bo gbogbo ojú ẹ̀, atẹ́gùn òkun wà nísàlẹ̀. Mo ní èkejì ti gbé inú àgbá wáìnì pẹ́, ẹ gbọ́ èso. Mo ní ẹ̀kẹta, àbúrò wọn pátápátá, koríko ni, òdòdó ni. Dókítà eyín ń mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà gbọ́ èéfín ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Gbogbo wọn na ọrùn, wọ́n ń gbọ́ mi.

Ọkọ yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìgò yọ lábẹ́ tábìlì. Ìgò kan ṣoṣo. Kì í tiẹ̀ ṣe ojúlówó, àwọn tí wọ́n lú pọ̀ yẹn ni, tí à ń tà fáwọn tó fẹ́ dà á mọ́ ẹlẹ́rìndòdò. Ó gbé e sáàárín gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rín yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, ìkejì gbà á lẹ́nu ẹ̀, ni tábìlì bá gbọ̀n. Onílé òtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nu omijé. Ọ̀gá mi ń fi ọwọ́ gbá itan. Dókítà eyín tó gbọ́ èéfín, ẹ wò ó, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún rín in ju àwọn tó kù lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í pé èéfín wo ló gbọ́. Ọkọ yín wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó ń bá mi ṣọ̀fọ̀, ó ní, "Bàbá Imú, imú ti lọ, ó ku bàbá." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mìíràn.

Mo fi aṣọ ìnutábìlì sílẹ̀, mo jáde. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo jẹ ẹ̀sín yẹn, mi ò kú, mo rìn dé ilé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì nà án sí ọkọ yín lójú mi níbẹ̀. Báyìí, ẹ wá bá mi, ẹ ní ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá máa jókòó tì í lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n máa sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, pé èrò ti ń dín kù, pé wọ́n ní "ó dáa" rẹ̀ ti pọ̀ jù? Ó gba àga, ó wá ń tọrọ ẹnu? Ọkọ yín nìyẹn, ẹ tẹ́wọ́ gbà á. Mo mọ̀ pé ó fi ọgbọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ lẹ́nu yín ni, mo mọ ẹnu ẹ̀, bó ṣe máa ń dùn tó bá ń wá nǹkan, bóyá ó…

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un wí. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tún un wí.

Ẹ̀yin? Kò fa nǹkan kan yọ lẹ́nu yín? Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé kó bu ọtí kan náà sí gíláàsì mẹ́ta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mi pọ̀n?

Ẹ ní nítorí àwọn ìgò ọtí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni. Ẹ rí wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbálẹ̀. Ẹ ní mi ò tu ú mọ́, ẹ ní mo ti ń gbé e mì, ẹ ní ojú mi ti pọ́n, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ẹ ní bí mo bá pẹ́ díẹ̀ sí i nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹ máa gbé mi sin. Mò ń mu. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ọtí ni mò ń wá? Bí òrùka èèyàn bá bọ́ sínú kànga, tó ń fa omi kànga yẹn mu kó lè dé ibi tí òrùka wà, ṣé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́? Òórùn ni mò ń wá. Mo rò pé ó wà nísàlẹ̀, pé bí mo bá mu dé ibẹ̀, n ó bá a.

Ẹ ní kó ṣe é ní kọ̀rọ̀. Níwájú ọ̀gá nìkan, kí wọ́n lè rọra gbé mi síbi ìwé tàbí ibi ẹrù. Òun ló lọ kó èrò jọ, òun ló mú ìgò olówó pọ́ọ́kú wá. Mo gbọ́. Ẹ má sunkún, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tọ̀ yín wá ní ojúkojú sọ̀rọ̀ imú mi, ẹ ò lè tọ̀ mí wá ní ojúkojú sọ̀rọ̀ ìgò? Ẹ ò lè la igi mọ́ mi lórí kẹ́ ẹ ní, aláìgbọ́ràn, ọtí ń pa ọ́ lọ? Mo gbà pé ẹ fẹ́ kí n wà láàyè. Ẹ wò mí, mo wà láàyè. Mo jókòó sínú yàrá kan, gáàsì ń jò sí mi lára, mi ò mọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣe é, ǹ bá ti ṣẹ́ èpè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò lè ṣẹ́ yín lépè. Nígbà tí ìyá wa kú, ọrùn yín ni mo ń gbé imú sí kí n tó lè sùn, ọṣẹ àti òógùn àti àdí tẹ́ ẹ fi ń para. Òórùn tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé mi nìyẹn, kí n tó mọ wísíkì kankan. Ẹ jókòó tì mí báyìí, kò sí nǹkan kan. Ẹni kan tó ń sunkún ni mò ń rí.

Kí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ bi mí dáadáa. Mi ò fẹ́ iṣẹ́ yẹn, ẹni tó gbà á, kó máa jẹ ẹ́. Mi ò fẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ìdọ̀bálẹ̀ ẹ̀ á kàn ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ ni. Ti màmá onílé, télọ̀ òkè á bá mi sọ ọ́, òun ò bá mi tan, ó sì já ilẹ̀kùn nítorí mi.

Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́. Ẹ lọ bá mi gbà á padà lẹ́nu wọn. Ẹ lọ bá onílé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ bá ọ̀gá mi, ẹ lọ bá dókítà eyín níbi tó ti ń yọ eyín àwọn ẹlòmíì, kẹ́ ẹ ní kó da tèmi padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ gbà á, kó má ku ẹyọ kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á pé, ẹ padà wá, n ó tún máa pè yín ní Àǹtí mi.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kò jìnnà. Ilé yín lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.